Àpò Ìrẹsì Mẹ́ta Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Wa Lọ́jọ́ Ọdún Ìlú

Àkàrà ló rán mi lọ sílé ìwé. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, ìyá mi kò sì ní ju oko ẹ̀gẹ́ kan lọ ní ọ̀nà Ìpókíá. Àwọn ìyá ìjọ wa ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń pa àtíbàbà sójúde lọ́jọ́ ọdún ìlú, tí wọ́n á din àkàrà fún àlejò àti onílé, èrè rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń san owó ilé ìwé ọmọ tí kò ní ẹni tó máa san án. Ọmọ méjì ni wọ́n mú lọ́dún tí wọ́n mú mi. Èmi ni ọ̀kan. Èkejì ni ọkùnrin tó wá di alága ìgbìmọ̀ ọdún ìlú wa nígbà tí àwa méjèèjì ti hu ewú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo ti gbàdúrà títí kó kúrò lọ́kàn mi, kò sì kúrò.

Ní ọdún tí ìjọba ti bodè pa nítorí ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè, ìjì kan jà ní ìparí òjò, ó ká páànù yàrá ìbímọ ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa, ó lọ kó o dà sínú oko olóko. Yàrá mẹ́ta péré ni ilé ìgbẹ̀bí náà ní. Nọ́ọ̀sì kan ló ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kúkurú kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, tó ti gbẹ̀bí fún ìyá, tó sì tún gbẹ̀bí fún ọmọ ìyá náà nígbà tó dàgbà. Nígbà tí páànù lọ, ó ta ọ̀rá ńlá bo yàrá yẹn, ó fi okùn so ó mọ́ igi, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé nígbà náà, ọ̀rá ṣì lè gbé e. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, ọ̀rá kò ní gbé e.

Ẹni tó ń gbé ìlú ńlá lè béèrè pé kí ló dé tí aboyún ò lọ sí ọsibítù ní Ìlaròó. Ó ń lọ tẹ́lẹ̀. Ọkadà ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti bodè, àṣẹ tún dé pé kí wọ́n má gbé epo ọkọ̀ wá sí àwọn ìlú tó sún mọ́ bodè mọ́, torí wọ́n ní à ń gbé e sọdá. Ilé epo méjèèjì tó wà lọ́dọ̀ wa tilẹ̀kùn, koríko hù nídìí ẹ̀rọ wọn. Inú kẹ́ẹ̀gì ni àwọn ọlọ́kadà ti ń rà á lábẹ́lẹ̀, owó tí wọ́n sì ń gbà dé Ìlaròó di ohun tí àgbẹ̀ ò lè san láìta ewúrẹ́. Mo mọ obìnrin kan tó fẹsẹ̀ rìn dé ìdajì ọ̀nà kó tó rí ọlọ́kadà tó ní epo. Ẹ̀bá ọ̀nà ló bímọ sí. Ọlọ́run yọ ọ́, ọmọ náà wà láàyè. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí á máa dán Ọlọ́run wò lójoojúmọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọdún ìlú ń bọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá, tí èmi náà ti wọ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, pinnu pé òrùlé yàrá ìbímọ ni èrè oúnjẹ wa máa lọ fún. A ti fi àkàrà sílẹ̀ tipẹ́. Ìrẹsì ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àtíbàbà wa: ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ ata, ẹja díndín. Àwọn awakọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì máa ń ti Ìbèsè wá nítorí rẹ̀, wọ́n á páàkì sí ìta ìlú, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá Mùsùlùmí ló máa ń wà ní àtíbàbà tó kángun sí tiwa. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ni tiwọn, ilé kéú ni wọ́n ń fi èrè rẹ̀ tún ṣe. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, a kì í bára wa ta ohun kan náà.

Lọ́dún yẹn, ìgbìmọ̀ ọdún kọ ìwé sí gbogbo ẹgbẹ́ tó fẹ́ pàtẹ oúnjẹ. Wọ́n ní àwọn èèyàn pàtàkì ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè wá sójúde, kí orúkọ ìlú má baà bàjẹ́. Alága ló fọwọ́ sí ìwé náà.

A ṣèpàdé lórí rẹ̀. Obìnrin kan nínú wa tó ń ta aṣọ lọ́jà ní kí á má da ara wa láàmú.

“Ọkọ àbúrò mi á bá wa gbé e,” ó ní. “Ọkadà mẹ́ta, àpò mẹ́ta. A ó dà á sínú ìkòkò. Ta ni yóò bá ìrẹsì tó ti jinná ṣẹjọ́?”

“Ibo ni yóò gbé e gbà?” Ìyá Ẹgbẹ́ ló béèrè. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ìdáhùn.

“Inú igbó ni, Màmá.”

“Orí ọmọ tuntun la fẹ́ fi òrùlé bò. Ẹ jẹ́ ká gba ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà.”

Bó ṣe parí nìyẹn. A ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ ìhà Ayétòrò, a ra ìrẹsì tí wọ́n gbìn lọ́wọ́ wọn. Ó wọ́n, òkúta sì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì ilẹ̀ wa ni, a ò sì fi ojú pamọ́ rà á.

Ibi tí a ti ṣàṣìṣe ni mo fẹ́ kọ kedere yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo gbè sẹ́yìn ara wa. Àpò tí àwọn àgbẹ̀ fi gbé ìrẹsì náà wá ti gbó, ó ń jò. Lójú ẹsẹ̀ ni a dà á sínú àpò mẹ́ta mìíràn, a ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àpò ìrẹsì Kútọnù ni, ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè tó ń gba bodè wọlé. Kò sí ilé kan lágbègbè wa tí kò ní in. Àpò náà lágbára, kì í ya, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Inú rẹ̀ là ń kó gààrí sí, inú rẹ̀ là ń kó èédú sí. Òun la fi ń ta ilé ìwẹ̀. Àwọn ìwé orin ìjọ wa, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. A ti lò ó pẹ́ débi pé ojú wa kò rí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá rán ọmọ pé kó lọ mú àpò wá, ọmọ kì í béèrè pé àpò wo.

Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì náà, nínú ọgbà ìjọ, atẹ lórí itan oníkálukú. Ìrẹsì Kútọnù ti sọ wá di ọ̀lẹ, púpọ̀ nínú wa ò ṣa òkúta rí láyé wa.

“Ẹ wo Tíṣà,” aláṣọ ní, “ó ń wo ìrẹsì bí ẹni tó ń máàkì ìwé.”

“Mélòó ló gbà?” ẹlòmíràn béèrè.

“Òkúta ló gba ipò kìíní,” mo dá wọn lóhùn.

A rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kọjá, ó dúró díẹ̀, ó bá wa ṣa ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ní aboyún kan ń dúró de òun. Nígbà tí a parí, aláṣọ fi okùn aṣọ pupa di ẹnu àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kókó tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè tú u.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ọbẹ̀ ata ti ń hó lórí iná, a ti gbé omi ìrẹsì kaná. Ọkùnrin méjì wọ abẹ́ àtíbàbà wa, aṣọ ìgbìmọ̀ wà lápá wọn. Mo kọ́ èyí tó ga nínú wọn ní kíláàsì kẹta. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa, àyà rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó dìde, ó di ẹlòmíràn.

“Ẹ̀yin màmá wa, ìrẹsì ibo lẹ fẹ́ sè?”

“Ìrẹsì Ayétòrò ni,” Ìyá Ẹgbẹ́ dá a lóhùn.

Ó wo àwọn àpò náà. “Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ́ nìyẹn.”

“Kí ni wọ́n kọ?”

“Mi ò gbọ́ Faransé, Màmá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe Ayétòrò.”

Àwọn tó ń kọjá lọ rẹ́rìn-ín. Mo sún mọ́ ọn. “Tú u,” mo ní. “Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìrẹsì Kútọnù gùn, ó sì funfun. Eléyìí kúrú, ó pọ́n. Ìwọ náà ò ṣàì mọ̀ wọ́n yàtọ̀.”

“Wọn ò ní ká tú àpò, Tíṣà. Wọ́n ní ká wo àpò.”

Mo ní kó dúró kí aláṣọ dé, kó bá a tú u. Ó ní kò sáyè, àtíbàbà mọ́kànlá ló kù tí òun máa dé. Èkejì rẹ̀ ti gbé àpò kan sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìyá Ẹgbẹ́ di etí àpò kejì mú. Kì í ṣe pé ó ń jà. Ó kàn dì í mú bí èèyàn ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú láàárín ọjà. Ọmọ tí mo kọ́ yìí bẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń pè é ní Màmá, ó ń pè é ní ìyá àgbà, ó sì ń tú ìka rẹ̀ kúrò lára àpò níkọ̀ọ̀kan.

Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ bá alága. Ó wà lábẹ́ kánópì, láàárín àwọn èèyàn pàtàkì rẹ̀, wọ́n ti ń gbé oúnjẹ àárọ̀ fún wọn. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn, kò ṣe bí ẹni tó mọ ohun tó gbé mi wá.

“Tíṣà wa. Ẹ wá jókòó, ẹ bá wa jẹun.”

Ọmọbìnrin kan ṣí kúlà níwájú mi. Ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀. Ó gùn, ó funfun, ìkọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá dúró bí abẹ́rẹ́. Kò sí ọmọ bodè tó lè ṣì í mọ̀.

“Alága,” mo ní, “ìrẹsì ibo nìyí?”

Ó wo kúlà, ó wò mí. “Ti àlejò ni.”

“Mi ò béèrè ẹni tó ni ín. Ibo ló ti wá?”

“Tíṣà, àwọn èèyàn ń jẹun.”

“Àwọn èèyàn tiwa náà ń bọ̀ wá jẹun. Ìrẹsì tí a rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí a ṣà fún ọjọ́ méjì, ni àwọn ọmọ yín kó lọ. Òrùlé yàrá ìbímọ ni a fẹ́ fi èrè rẹ̀ kàn, ẹ sì mọ̀.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àpò yín ló fà á. Bí ẹnì kan bá ya fọ́tò àpò yẹn níbi ọdún wa, tó gbé e sórí fóònù, kí la fẹ́ sọ? Ṣé a ó ní kí gbogbo ayé wá tú u wò?”

“Ẹ ó sọ òótọ́.”

“Òótọ́ kì í hàn nínú fọ́tò, Tíṣà.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. “Ẹ fara balẹ̀. Bí ètò bá parí, màá ní kí wọ́n dá a padà fún yín.”

Bí ètò bá parí. Ta ló ń se ìrẹsì ọdún nígbà tí ọdún ti parí? Mo fẹ́ sọ fún àwọn àlejò yẹn pé ìrẹsì tí wọ́n torí rẹ̀ ti bodè mọ́ wa lórí ló wà nínú àwo wọn. Mo fẹ́ rán alága létí àkàrà tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń pè ní alága. Ṣùgbọ́n nílé ìwé ìjọ, wọ́n kọ́ mi pé àgbà kì í pariwo níbi tí àlejò ti ń jẹun, mo sì ti dúpẹ́ fún ẹ̀kọ́ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́jọ́ yẹn mi ò dúpẹ́. Mo yí padà, mo ń lọ. Mo gbọ́ tí àlejò kan ń béèrè ẹran sí i lẹ́yìn mi.

Ìgbà tí mo padà dé, àwọn obìnrin wa jókòó yí ìkòkò ọbẹ̀ ká bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹja ti gbẹ nínú òróró. Àlàájà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá Mùsùlùmí kọjá wá láti àtíbàbà tiwọn, ó bu ọbẹ̀ wa sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò.

“Ẹ gbé e wá,” ó ní. “Ẹ̀wà wa pọ̀.”

“Àlàájà, tiyín ni tiyín,” Ìyá Ẹgbẹ́ dáhùn.

“Ata wa ò dára tó tiyín. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fẹ́ sọ ọ́, ìgbéraga ni kò jẹ́.”

Báyìí la ṣe pa àtíbàbà méjèèjì pọ̀. Wọ́n bu ẹ̀wà, àwa bu ọbẹ̀ àti ẹja lé e. Nígbà tí àwọn awakọ̀ Ìbèsè dé, wọ́n na ọrùn wo inú ìkòkò.

“Ìrẹsì dà?”

“Wọ́n pè é sí ìpàdé,” aláṣọ dá wọn lóhùn.

Àwọn kan jẹ ẹ̀wà, wọ́n ní ó dùn. Àwọn mìíràn yí padà, ìrẹsì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá. Àlàájà ò gbà kí á fún ẹgbẹ́ tiwọn ní ju owó ẹ̀wà wọn lọ. Kí Ọlọ́run bù kún un. Síbẹ̀, ohun tó wọlé fún wa kò tó ra páànù tó máa bo ìdajì yàrá.

Nírọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ tí mo kọ́ gbé àpò padà wá. Méjì ni. Ó ní òun ò mọ ibi tí ẹ̀kẹta wà. Mo wo ẹnu àwọn méjèèjì: okùn aṣọ pupa ṣì wà níbẹ̀, kókó aláṣọ wà bó ṣe dì í. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú gbogbo ìgbìmọ̀ tó tú u wò. Èyí ló dùn mí ju ẹ̀kẹta tó sọnù lọ.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún, alága ránṣẹ́ sí wa. Ó ní òun máa ra gbogbo páànù, pákó àti ìṣó, òun á sì san owó káfíńtà. Ohun kan ṣoṣo tí òun ń fẹ́ ni kí á kọ orúkọ òun sára ògiri yàrá ìbímọ, pé òun ló kan òrùlé rẹ̀.

Mo dìde nípàdé, mo ní rárá. Mo ní èèyàn kò lè gba oúnjẹ kúrò lẹ́nu ẹni kó tún wá gba ọpẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Mo ní òrùlé wa ni, òun ló dí wa lọ́wọ́ tí a ò fi kàn án fúnra wa. Mo sọ̀rọ̀ pẹ́. Kò sẹ́ni tó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, mo sì rò pé mo ti borí. Nọ́ọ̀sì ti wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ ti sọ tán, Tíṣà?”

“Mo ti sọ tán.”

“Aboyún mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi tí oṣù wọn máa pé sínú òjò. Bí ẹ bá fẹ́ sọ rárá, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi lọ sọ ọ́ lójú wọn. Èmi ò ní lè sọ ọ́.”

“Orúkọ rẹ̀ ni yóò máa wà lókè orí wọn.”

“Ẹni tó ń rọbí kì í wo ògiri.”

A gbà á. Páànù dé, ó dára, ó nípọn, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Káfíńtà parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tó ku kíkọ orúkọ, Ìyá Ẹgbẹ́ pè mí sílé.

“Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ló dára jù nínú wa,” ó ní.

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ̀ mí sí èyí.”

“Mi ò bẹ̀ ọ́. Mo rán ọ ni.”

Mo lọ. Mo gun àga, mo fa ìlà sára ògiri bí mo ṣe máa ń fà á sójú pátákó, mo kọ orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú. Mi ò kọ ọ́ ní ìkọkúkọ. Alága wá wò ó, ó ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ọwọ́ yín ò yí padà.” Mo ní ẹ ṣé. Kò sọ̀rọ̀ ìrẹsì, kò sì béèrè Ìyá Ẹgbẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ tó bá rí wa níbẹ̀ á rò pé ọ̀rẹ́ ni wá.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan. Ó ń lu páànù yẹn bí ẹni tó ń wá ibi tó máa gbà wọlé, kò rí. Ẹ̀kán omi kan ò bọ́ sílẹ̀ yàrá. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kí ìyá tó bímọ nínú òjò náà, ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan láti ìhà Ìhunbọ. Obìnrin ni ọmọ náà, ara rẹ̀ le, ó ń sùn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi gbogbo ọkàn mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìgbà tí mo dìde, ìyá ọmọ náà ń wo ògiri.

“Màmá, ta ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn? Mo fẹ́ máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà.”

Mo jókòó. Mo sọ fún un nípa àpò, nípa okùn pupa, nípa kúlà tó wà lábẹ́ kánópì àti ìka Ìyá Ẹgbẹ́. N kò fi nǹkan kan pa mọ́, n kò sì fi nǹkan kan kún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún gbójú sókè wo ògiri.

“Ṣé kí n ṣì máa gbàdúrà fún un?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó bá mi fi tèmi kún un, nítorí pé láti ọjọ́ ọdún yẹn, bí mo bá ti dé ibi orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, ṣe ni mò ń fò ó.